Ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀: bí a ṣe lè sọ kásẹ́ẹ̀tì àwọn àgbà di nọ́ńbà láì pàdánù ohùn kékeré

Ní ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Pobè àti Sakété, kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú àpótí ju ìwé lọ. Orin òru Ẹ̀fẹ̀ wà nínú wọn, oríkì ìdílé wà níbẹ̀, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ti papò dà. Kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Òjò ń mú kí wọ́n hu, ọyẹ́ ń da eruku sí wọn, ẹ̀rọ tó ń lù wọ́n sì ti ń di ohun àwátì lọ́jà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ wọ́n di fáìlì kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n fáìlì kan lè wà lọ́wọ́ wa kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ojú wa rí ló mú wa kọ àlàyé yìí.

Lára àwọn ohun tí a kọ́kọ́ gbà ni kásẹ́ẹ̀tì méjì tí ìyá àgbà kan ti ki oríkì ìdílé rẹ̀. Ó ti rẹ ìyá náà nígbà tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú agbára, ohùn rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ títí dé ìparí. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún ẹnì kan láàárín ìlú tó bá wọn sọ ọ́ di fáìlì, fáìlì yẹn ni wọ́n sì mú wá fún wa. Nígbà tí a jókòó láti kọ oríkì náà sílẹ̀, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ẹnì kan nínú wa gbọ́ "igbà", okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹnì kejì gbọ́ "igbá", èyí tí a fi ń bu omi. Bí ó bá jẹ́ igbà, iṣẹ́ àtayébáyé ìdílé náà ni ìyá ń sọ, nítorí ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ igbá, ìtumọ̀ ti yà sí ọ̀nà mìíràn pátápátá. A gbọ́ ọ títí, kò yé wa. A yí ohùn fáìlì sókè, ohun tí a rí kò ju kíkùn kan báyìí lọ, bí ìgbà tí kòkòrò bá há sínú agolo. Kíkùn náà ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń yí ohùn sókè, ọ̀rọ̀ kò sì jáde.

Kì í ṣe etí wa ló ní àbùkù. Ẹ̀rọ tó sọ ohùn di nọ́ńbà ni kò ka ohùn kékeré náà bó ṣe yẹ.

Ibi tí ohùn kékeré wà nínú èdè wa

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní èdè Yorùbá. Igba jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì, igbá jẹ́ ohun èlò, igbà jẹ́ okùn ọ̀pẹ, ìgbà jẹ́ àkókò, ìgbá sì jẹ́ ohun tí à ń jẹ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tí a kì í sábà rò ni pé àwọn ohùn mẹ́ta yìí kì í ní agbára kan náà létí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dé ìparí gbólóhùn, èémí rẹ̀ ti ń tán. Bí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn bá ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn náà máa ń jábọ́ sísàlẹ̀ ju bó ṣe wà láàárín gbólóhùn lọ, ó sì máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi di èémí lásán. Nínú oríkì, ìparí ìlà ni ọ̀rọ̀ tó wúwo sábà máa ń wà. Nítorí náà, ohun tó kéré jù lọ létí ẹ̀rọ lè jẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tó ń kọ oríkì sílẹ̀.

Ti Ẹ̀fẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà tó ga nínú àṣà àtẹnudẹ́nu ní ọdún 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ẹni tó bá ti lọ sí òru Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé ìlù àti ègbè lè dún gan-an, kí gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ lójijì, kí akọrin wá sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́ tí gbogbo agbo yóò fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí a bá ṣètò fún ìlù nìkan kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn dáadáa.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ka ohùn

Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn jẹ́ ìgbì tó ń lọ sókè sódò láìsí àlàfo, bí omi odò. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà nìkan ló wà. Ẹ̀rọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ń pè ní convertisseur analogique-numérique. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pè é ní ẹ̀rọ ìyípadà.

Kì í ṣe ohun àná. Alec Reeves, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ló béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1938. Ohun tó ń wá ni bí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù yóò ṣe rin ọ̀nà jíjìn láì kó ariwo jọ. Ọ̀nà náà kò gba ilé gbogbo ènìyàn títí di 1982, nígbà tí Philips àti Sony gbé àwo CD jáde.

Nǹkan méjì ni ẹ̀rọ ìyípadà ń ṣe. Èkíní, ó ń wọn ìgbì ohùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ìgbà 44,100 fún CD, ìgbà 48,000 tàbí 96,000 fún iṣẹ́ ìpamọ́. Èkejì, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ohun tó wọ̀n lé orí ìpele kan, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Kò sí ìdúró láàárín ìpele méjì. Bí ohùn bá wà ní agbedeméjì, ẹ̀rọ yóò tì í sókè tàbí sódò sí ìpele tó sún mọ́ ọn jù.

Iye ìpele wà lọ́wọ́ iye bíìtì. Bíìtì 8 fún wa ní ìpele 256. Bíìtì 16 fún wa ní 65,536. Bíìtì 24 fún wa ní 16,777,216. Bíìtì kan tí a bá fi kún un ń sọ iye ìpele di ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá wa ṣe ìṣirò. Ká ní ẹni tó ṣe fáìlì kò yí bọ́tìnì sókè tó, tí ohùn ìyá níbi tó lágbára jù sì jẹ́ ìdá kan péré nínú 100 ohun tí ẹ̀rọ lè gbà. Ní bíìtì 8, ìpele méjì sí mẹ́ta ni gbogbo ohùn rẹ̀ yóò pín lò. Ní bíìtì 16, yóò rí nǹkan bíi 655. Ní bíìtì 24, yóò rí ju 167,000 lọ. Ká tún ní ohùn ìsàlẹ̀ tó wà ní ìparí gbólóhùn jẹ́ ìdá kan nínú 10 ohùn tó lágbára náà. Ní bíìtì 16, ìpele 65 ló kù fún un. Ní bíìtì 24, ó lé ní 16,000. Ní bíìtì 8, kò tó ìpele kan. Ohun tí kò bá sì tó ìpele kan, ẹ̀rọ lè kà á sí òdo.

Nígbà tí a wo fáìlì tí wọ́n mú wá, bíìtì 8 ni, bọ́tìnì sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí fáìlì kéré kó lè tètè wọ inú fóònù. Kò ní èrò búburú kankan.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀: ìgbì ohùn tó bá rí ìpele méjì péré kì í dún bí ohùn ènìyàn mọ́. Ó ń fò láti ìpele kan sí èkejì lójijì, ìfò yẹn ló sì ń bí kíkùn tí a gbọ́. Ìdí nìyẹn tí yíyí ohùn sókè lẹ́yìn iṣẹ́ kò fi wúlò. Ohun tí a kò wọ̀n, a kò lè fi ìlọ́po dá a padà. Igbá tí kò sí gàrí nínú rẹ̀, bí a bá gbé e lọ sí orí àjà, igbá òfìfo náà ni.

Òkúta ìwọ̀n tó ń parọ́ láàárín

Iye ìpele nìkan kọ́ ni ọ̀ràn. Ìpele náà gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìyípadà àtijọ́, bíìtì kọ̀ọ̀kan dà bí òkúta ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò ń lò: òkúta 1, òkúta 2, òkúta 4, 8, 16, 32, 64 àti 128. Bí ẹ bá fẹ́ wọn 127, gbogbo òkúta kékeré méje ni ẹ máa kó sórí ìwọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ wọn 128, ẹ ó kó gbogbo wọn kúrò, ẹ ó sì gbé òkúta ńlá kan ṣoṣo síbẹ̀. Ká ní òkúta ńlá yẹn fi ìdá kan nínú 100 fẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Yóò wọn 126.72. Ohun tí a pè ní 128 ti wá kéré ju 127 lọ, àtẹ̀gùn wa ti padà sẹ́yìn.

Fún ohùn ńlá tó ń rìn láti ìpele 10 dé 240, àṣìṣe kan yìí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n níbo ni ohùn kékeré ń gbé? Ìgbì ohùn ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, agbedeméjì ló sì ń sinmi sí. Ohùn kékeré kì í kúrò ní àyíká agbedeméjì yẹn, láàárín 126 sí 130. Ibi tí òkúta ti ń parọ́ jù gan-an ni ibùgbé rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀rọ kan fi ń dún dáadáa nígbà tí ìlù bá ń lọ, tí wọ́n sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nígbà tí ohùn bá rọlẹ̀. Iye bíìtì tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ kò ní sọ èyí fún yín.

Gbígbọn ajọ̀

Ọ̀nà kan wà láti gba ohùn tó kéré ju ìpele kan lọ. Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà: ariwo díẹ̀ ni a ó fi kún ohùn náà kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ẹni tó ń jọ èlùbọ́. Bí ó bá da èlùbọ́ sínú ajọ̀ tí kò sì gbọ̀n ọ́n, èlùbọ́ yóò dúró síbẹ̀, kódà èyí tó kúnná tó láti gba ihò kọjá. Bí ó bá ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, èyí tó kúnná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Gbígbọ̀n náà kò fi èlùbọ́ kún èlùbọ́, ó kàn fún èyí tó kéré ní àǹfààní láti kọjá ni.

Ẹ wá wo nọ́ńbà rẹ̀. Ká ní ohùn kan jẹ́ ìdá 3 nínú 10 ìpele kan. Ẹ̀rọ yóò máa ka òdo, òdo, òdo, bí ó tilẹ̀ wọ̀n ọ́n ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ní báyìí, kí a fi ariwo kékeré kan kún un, tí ìrìn rẹ̀ kò tẹ̀lé ohùn náà rárá, tó sì ń lọ láti ìdajì ìpele nísàlẹ̀ dé ìdajì ìpele lókè. Nínú ìgbà 100 tí ẹ̀rọ bá wọ̀n, nǹkan bí ìgbà 30 ni yóò ka 1, tí yóò sì ka òdo ní ìgbà 70. Bí a bá pín àròpọ̀ wọn, ìdá 3 nínú 10 ni yóò jáde. Ohùn tó sọnù ti padà. Etí ènìyàn náà ń ṣe irú ìpínpín yìí: ó ń gbọ́ ṣìì kan tó rọra ń lọ lábẹ́lẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀, dípò kíkùn tó ń lọ́ mọ́ ọ̀rọ̀.

Dither ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ariwo yìí. Lawrence Roberts, ará Amẹ́ríkà, gbé irú ọgbọ́n yìí jáde fún àwòrán ní 1962. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí orin gbà á lò lẹ́yìn náà.

Ṣé ó yẹ kí a máa fi ariwo kún kásẹ́ẹ̀tì wa? Rárá, kásẹ́ẹ̀tì ti ní tirẹ̀. Ṣìì tí à ń gbọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ jẹ́ ariwo téèpù fúnra rẹ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tó dára, ṣìì náà wà ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 sísàlẹ̀ ohùn tó lágbára jù, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú 300. Bí bọ́tìnì bá wà níbi tó yẹ, ní bíìtì 16, ṣìì yìí nìkan yóò gba nǹkan bí ìpele 200. Ó ti ń gbọn ajọ̀ fún wa láì bẹ̀ ẹ́. Ní bíìtì 8, kò tó ìpele kan, ajọ̀ kò sì mì mọ́.

Ibi tí ó ti yẹ kí a rántí dither ni ìgbà tí a bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà kékeré láti inú fáìlì ńlá, bíi láti bíìtì 24 sí 16. Bí a bá kàn gé ìdí nọ́ńbà dànù, àtẹ̀gùn tó le yóò padà wá. Púpọ̀ nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe ní ibi tí ẹ ti lè yan dither. Ẹ máa yàn án.

Wíwọ̀n léraléra

Ọgbọ́n kejì ni kí a wọ̀n ju iye ìgbà tí a nílò lọ, kí a sì pín àròpọ̀. Bí a bá wọ̀n ní ìgbà 4 níbi tó yẹ kí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ariwo tí kò tẹ̀lé ohùn yóò dín kù sí ìdajì, èyí sì dọ́gba pẹ̀lú bíìtì kan tí a fi kún un. Ní ìgbà 16, yóò dín sí ìdá kan nínú 4. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ wà: ajọ̀ gbọ́dọ̀ ti ń mì. Bí ẹ̀rọ bá ń ka òdo ní gbogbo ìgbà, àròpọ̀ òdo òdo náà ni.

Láti inú èrò yìí ni oríṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní delta-sigma ti jáde. Àwọn ará Japan méjì, Inose àti Yasuda, wà lára àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1962. Ẹ̀rọ yìí kò lo òkúta ìwọ̀n púpọ̀. Ìpele díẹ̀ péré ló ní, nígbà mìíràn méjì, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀n ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń gbé àṣìṣe tó ṣe ní ìgbà kan lọ sínú ìgbà tó tẹ̀lé e, ó sì ń ti ariwo lọ sí òkè réré tí etí ènìyàn kò lè dé. Lẹ́yìn náà ni yóò pín gbogbo rẹ̀ papọ̀. Nítorí kò sí òkúta ńlá tó ń parọ́ láàárín, ohùn kékeré rí ìtọ́jú kan náà pẹ̀lú ohùn ńlá. Irú ẹ̀rọ yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí USB tí à ń rà fún gbígba ohùn lónìí.

Bíìtì 24 tí wọ́n kọ sára páálí kì í pé 24 ní tòótọ́. Ooru lásán ń mú kí iná inú wáyà máa mì, ìmì yẹn sì ń bo bíìtì tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára gan-an ń fúnni ní nǹkan bíi 20 tàbí 21. Ìyẹn ti pọ̀ tó fún kásẹ́ẹ̀tì.

Ó kù kí ẹnì kan béèrè: bí bíìtì 16 bá tó fún ṣìì téèpù, kí ni a ń fi 24 ṣe? Ààyè ìṣìnà ni. Pẹ̀lú 24, a lè fi bọ́tìnì sílẹ̀ díẹ̀ kí ìlù Ẹ̀fẹ̀ má baà kan òrùlé ẹ̀rọ, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ṣì ní ìpele tó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohùn tó bá kan òrùlé ti já, kò sì ṣe é tún ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ohùn tó dé inú ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ìyípadà tó dára kò lè gba ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

A ń fi owú àti ọtí tí wọ́n ń pè ní isopropyl nu orí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí eruku tó dí i lójú ló ń kọ́kọ́ jí ohùn tín-ín-rín bíi "s" àti "ṣ". A ń wo bóyá orí náà dúró ní gígùn sí téèpù. Bí ó bá tẹ̀, ohùn náà yóò dùn bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

Wáyà kúkúrú ni a ń lò, láti ihò tí wọ́n ń pè ní line lára ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sí ihò line lára àpótí USB. A kì í fi í sínú ihò gbohùngbohùn, nítorí ibẹ̀ ń fi ariwo tirẹ̀ kún un.

Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ń yọ́ wọ inú wáyà bí ìró kan tó nípọn. Ìró yẹn sún mọ́ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin ń dé. Nítorí náà, batiri ni a ń fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, a sì ń gbé fóònù jìnnà sí orí tábìlì.

A ń yí bọ́tìnì títí ohùn tó lágbára jù nínú kásẹ́ẹ̀tì fi dé nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 sísàlẹ̀ òrùlé, ìyẹn ìdá kan nínú 4. A kì í fi ọwọ́ kàn án mọ́ títí ojú kásẹ́ẹ̀tì náà yóò fi tán. A kì í lo ohun tó ń dín ariwo kù nígbà tí a bá ń ṣe fáìlì àkọ́kọ́. Ètò tó ń pa ṣìì kò mọ̀ bóyá ohùn kékeré tó ń gbọ́ jẹ́ ṣìì tàbí ohùn ìsàlẹ̀ ìyá àgbà. Méjèèjì ni yóò pa.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò méjì. Èkíní: a ń gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dúró, kí a lè gbọ́ ariwo àwọn ẹ̀rọ tiwa nìkan, a sì tún gba ìṣẹ́jú kan níbi tí téèpù ń yí tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ṣìì téèpù gbọ́dọ̀ ga ju ariwo ẹ̀rọ lọ dáadáa. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ẹ̀rọ wa ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Èkejì: a ń fi ìró kan tí agbára rẹ̀ yé wa ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, a sì ń dín in kù sí ìdá kan nínú 10, lẹ́yìn náà ìdá kan nínú 100, àti ìdá kan nínú 1,000. Nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dín kù bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀rọ tó bá tọ́ lókè tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì nísàlẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ oríkì, bó ti wù kó dùn tó fún orin.

Ohun tí àwọn olùpamọ́ ohùn gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí

IASA, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìpamọ́ ohùn àti àwòrán káàkiri ayé, ti gbé ìlànà jáde tí wọ́n ń pè ní TC-04. Ó ní fún kásẹ́ẹ̀tì àti irú rẹ̀, kí a má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ bíìtì 24 àti ìgbà 48,000. Ọ̀pọ̀ ilé ìpamọ́ ń lo 96,000. Ní 2019, UNESCO àti IASA bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé àkókò téèpù ń tán lọ, nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ń lù wọ́n àti àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń dín kù.

Ní 96,000 àti bíìtì 24, kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan lápá méjèèjì ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 2. Ní 48,000, ó jẹ́ nǹkan bíi 1. Ṣáájú, ìyẹn pọ̀. Lónìí, dísíìkì kékeré kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀. Kò sí ìdí mọ́ láti fi ohùn àwọn àgbà dín ìwọ̀n fáìlì kù. Ẹ̀dà kékeré lè wà fún fóònù, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá ni kí a tọ́jú.

Ohun tó gbẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì méjì náà

A bẹ ìdílé ìyá náà kí wọ́n wá kásẹ́ẹ̀tì gan-an fún wa. Wọ́n rí ọ̀kan lábẹ́ ibùsùn. A nù ún, a lù ú, a gbà á ní bíìtì 24. Ṣìì pọ̀ nínú rẹ̀, àkùkọ kan sì ń kọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ohùn ìyá dé ìparí ìlà tí a ń jà sí, gbogbo wa fi agbọ́hùn sétí. Ohùn náà rọra sọ̀kalẹ̀, ó sì kú sísàlẹ̀. Igbà ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jókòó tì wá mi orí, ó ní, "Ṣé mo ti sọ fún yín? Agunpẹ ni bàbá wa." A tún àkọsílẹ̀ wa ṣe.

Kásẹ́ẹ̀tì kejì kò sí mọ́. Nígbà tí wọ́n ti rí fáìlì, wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí, wọ́n sì jù ú nù nígbà tí wọ́n ń gbá ilé. Fáìlì bíìtì 8 rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ìlà mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ tí ìparí wọn jẹ́ kíkùn. A fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀ nínú ìwé, a kò sì fi àbá kankan dí i, nítorí oríkì kì í ṣe ohun tí à ń fi àbá dí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní Pobè, ní Sakété àti lẹ́yìn odi kò ju méjì lọ. Ẹ má ṣe ju kásẹ́ẹ̀tì nù nítorí pé ẹ ti ní fáìlì. Bí ẹ bá sì ń gbé kásẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti sọ di nọ́ńbà, ẹ bi í léèrè iye bíìtì tó ń lò, kí ẹ sì ní kó jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìparí gbólóhùn kan níbi tí ohùn ti rọlẹ̀ jù, kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yé yín níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Bí ó bá jẹ́ kíkùn ni ẹ gbọ́, ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín padà, kí ẹ gbé e wá.